Ọdẹ Tí Kò Fẹ́ Wẹ̀ Nínú Igbó Rekete

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ sún mọ́ mi dáadáa, ṣùgbọ́n kí ẹni tí kò bá tíì wẹ̀ láti àná jókòó sí ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ lọ, nítorí ìtàn mi gùn, imú mi sì ti darúgbó, kò lè fara da ìyà méjì pọ̀. Èmi Ọdẹ́gbèmí ni mò ń sọ̀rọ̀, èmi tí àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ mi ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé Ọkọ Kànrìnkàn, torí kò sí igbó tí mo wọ̀ rí tí n kò mú kànrìnkàn dání. Mo gbọ́ yẹ̀yẹ́ wọn títí. Inú rírun sì ti gbé púpọ̀ nínú wọn lọ.

Ọdẹ́rìndé, ọkọ àbúrò mi obìnrin, ni olórí àwọn ẹlẹ́yà náà. Bí a bá ti wọ igbó, kò tún fara kan omi mọ́ títí a ó fi padà sílé, nítorí ó ní bí ẹran bá gbóòórùn ọṣẹ lára ọdẹ, eré ni yóò sá. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, n kò ní purọ́: ọṣẹ olóòórùn kì í ṣe ohun tí ọdẹ ń fi wẹ̀ lọ bá ẹran. Ṣùgbọ́n ta ló ní kí ó má fi omi lásán bọ́ra? Ta ló ní kí ó má fi eérú fọwọ́ nígbà tó bá fa ìfun ọ̀yà yọ tán, kó tó ki ọwọ́ bọ ẹ̀bà? Ọ̀bùn rí ikú ọkọ tìrọ̀ mọ́, Ọdẹ́rìndé sì rí iṣẹ́ ọdẹ tìrọ̀ mọ́. Bí mo bá bá a wí, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìdọ̀tí kì í pa ọdẹ."

Ní ọjọ́ tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ ń lọ sígbó ọdẹ, Mojírọ́lá àbúrò mi pọn Ọdẹ́yẹmí ọmọ wọn sẹ́yìn, oyún èkejì sì wà nínú rẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi mú ọkọ mi bọ̀ láàyè." Mo ṣèlérí fún un.

A rìn títí a fi wọ Igbó Rekete, níbi tí àwọn igi ti tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, tí ewé gbígbẹ sì wà ní òkìtì òkìtì bí ẹni pé ẹnìkan ń gbálẹ̀ níbẹ̀ láràárọ̀. A pàgọ́ sí etí odò kan. Ọdẹ́rìndé gòkè odò, ó yàgbẹ́ sí etí omi. Mo ní, "Ìwọ ọkùnrin yìí, ológbò pàápàá ń wa ilẹ̀ bo tirẹ̀." Ó ní odò yóò gbé e lọ. Odò gbé e lọ lóòótọ́, ó gbé e wá sí ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti ń bu omi mu. Àwọn àgbà ní ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Àna mi yà á, ó gbàgbé, ó sì tún mu ún.

Kó tó di ọjọ́ kejì, ìgbẹ́ gbuuru ti dá a dùbúlẹ̀, ojú rẹ̀ jìn wọnú, ètè rẹ̀ gbẹ, kò sì lè dìde. Ẹ̀rù bà mí gidigidi. Mo gbé e pọ̀n, mo ń gòkè lọ láti wá ìsun odò náà, níbi tí omi ti mọ́.

Ìwin kan tó ní ọwọ́ mẹ́ta ló ń ṣọ́ ìsun ọ̀hún: ó ń fi ọ̀kan run orín, ó ń fi èkejì gbálẹ̀, bí ó sì ti rí wa, ó fi ẹ̀kẹta di imú.

"Ẹ dúró níbẹ̀," ó wí. "Èwo ló kú nínú yín?"

Mo ní, "Ẹ̀yin àgbà igbó, kò sẹ́ni tó kú. Àna mi ni, ìgbẹ́ gbuuru ló ń ṣe é. Ẹ fún wa lómi."

"Kò sẹ́ni tó kú, kí ló wá ń rùn báyìí? Omi wà, àgbo ewé gúrọ́fà sì wà lórí iná, ṣùgbọ́n ọwọ́ yẹn kò ní kan igbá mi. Kó wẹ̀ ná."

Ọdẹ́rìndé mirí lẹ́yìn mi. Ó ní, "N kò ní wẹ̀. Bí ẹran bá ń sá fún mi, kí ni n óò fi bọ́ ọmọ?"

Mo bẹ̀ ẹ́, mo bú u, ó kù díẹ̀ kí n gbá a létí. Nígbà tó yá, mo bú sẹ́kún, ẹ̀yin ènìyàn mi, nítorí n kò mọ ojú tí n óò fi wo àbúrò mi.

Ìwin náà súfèé. Ẹtu kan jáde láti inú igbó, ó wo àna mi lókè-nílẹ̀, ó sì ní, "Ṣé Ọdẹ́rìndé nìyí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wẹ̀ ẹ́. Kó tó sọ̀kalẹ̀ òkè ni a ti ń gbóòórùn rẹ̀, a ó kó àwọn ọmọ wa, a ó máa lọ jẹ́ẹ́jẹ́. A kì í tilẹ̀ sáré."

"Irọ́ ni," Ọdẹ́rìndé wí. "Mo ti pa ẹtu rí."

"Ọ̀fìnkìn ló ń ṣe àwọn yẹn," ni ẹtu fèsì, ó sì ń jẹ koríko rẹ̀ lọ.

Ọdẹ́rìndé rọra sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn mi, ó jókòó. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ níwájú, ó wò ó lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ mú kànrìnkàn yẹn wá." Omi àkọ́kọ́ dúdú bí aró, mo sì kọ́kọ́ rò pé awọ rẹ̀ ló ń bó. Ìwin gbé omi náà lọ jìnnà, ó gbẹ́ ihò, ó dà á sí i, ó sì bò ó. Ìgbà náà ni àna mi tó gba àgbo mu, ó sùn, ara rẹ̀ sì ń yá díẹ̀díẹ̀ títí ó fi lè rìn.

Nígbà tí a délé, Mojírọ́lá kò dì mọ́ ọn. Ó yí i po, ó gbóòórùn ọrùn rẹ̀, ojú rẹ̀ sì le. "Bàbá Ọdẹ́yẹmí, ta ni ẹ wẹ̀ fún?" Ọkùnrin tí kò bẹ̀rù ẹkùn bẹ̀rẹ̀ sí kólòlò, ó ní ìwin kan ni, ọ̀rọ̀ náà sì túbọ̀ burú. Èmi ni mo là á yé e. Nígbà tó gbọ́ bí ikú ti súnmọ́ tó, ó jókòó sílẹ̀, ó sunkún, ó sì ń fọwọ́ pa ikùn ọkọ rẹ̀ tó ti fà wọlé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gun òkè lákòókò ìsinmi, tí ẹ ń pàgọ́ kiri, tí ẹ rò pé igbó kò ní onílé, ẹ gbẹ́ ihò yín jìnnà sómi, ẹ se omi kí ẹ tó mu ún, ẹ má sì fi ìwà akin bo ìwà ọ̀bùn mọ́lẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í bá omi ṣọ̀tá.

Oúnjẹ ti dé yìí. Ìkòkò omi wà lẹ́nu ọ̀nà, eérú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Ọdẹ́rìndé fúnra rẹ̀ ló sì dúró tì í, ó ń wo abẹ́ èékánná ẹnìkọ̀ọ̀kan kó tó jẹ́ kó wọlé.