Ìdí Tí Yímíyímí Fi Ń Fẹ̀yìn Rìn Tó Bá Ń Yí Ìgbẹ́

Nígbà láéláé, yímíyímí ò mọ bí ìgbẹ́ ṣe rí. Inú ilé ló ń gbé lọ́dọ̀ èèyàn. Wọ́n ń sìn ín bí wọ́n ṣe ń sin adìẹ.

Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Ẹfúnṣeyì. Yímíyímí kan ló ń sìn. Ó wá igbá tuntun fún un, ó tẹ́ òwú sí i, ó ń fi òrí pa á lẹ́yìn títí ẹ̀yìn ẹ̀ fi ń dán. Ó ti ṣèlérí fún gbogbo àdúgbò pé bí yímíyímí òun bá ti yé, kálukú á gba ọmọ lọ sílé.

Àbùkù kan ṣoṣo ni Ẹfúnṣeyì ní. Ó fẹ́ràn ilẹ̀ gbígbá ju oúnjẹ lọ. Á gbálẹ̀ láàárọ̀, á gbálẹ̀ lọ́sàn-án. Tí ewúrẹ́ bá dúró pẹ́, á gbá abẹ́ ẹ̀. Ojoojúmọ́ ló sì ń gbá inú igbá yẹn.

Yímíyímí yé ẹyin mẹ́ta. Kò sí èyí tó ju hóró ìrẹsì lọ. Nígbà tílẹ̀ mọ́, Ẹfúnṣeyì gbá wọn, ó dà wọ́n sí ààtàn.

"Ṣé o ti yé?"

"Mo ti yé, ìyá."

"Níbo?"

"Orí òwú níbí."

"Èmi ni mo gbá ibẹ̀. Mi ò rí nǹkan kan, àfi pàǹtí."

"Pàǹtí wo, ìyá?"

"Ti funfun wẹ́wẹ́ kan báyìí."

Yímíyímí bú sẹ́kún. Àgbébọ̀ adìẹ tó wà lẹ́nu ọ̀nà yọrí wọlé.

"Ẹ má dá a lóhùn jàre. Ẹyin tí èèyàn ò rí, ṣé ẹyin nìyẹn? Ẹ wo tèmi, ó kún ọwọ́."

Ẹfúnṣeyì wo ẹyin adìẹ, ó wo yímíyímí. "Bí ẹyin ṣe ń rí nìyẹn. Ọjọ́ márùn-ún ni mo fún ẹ. Tí mi ò bá rí ọmọ, adìẹ á gbé ẹ mì."

Láti ìgbà yẹn, àràárọ̀ ni adìẹ ń yọjú.

"Ọ̀rẹ́, ṣé òní ló pé ọjọ́ márùn-ún?"

"Rárá, ọjọ́ kejì ni."

"Kò burú. Mo kàn ní kí n béèrè ni. Ebi ò tíì pa mí púpọ̀."

Lọ́jọ́ kẹta, yímíyímí yọ́ jáde, ó tẹ̀lé pàǹtí dé ààtàn. Inú ìgbẹ́ màlúù ló ti bá àwọn ọmọ ẹ̀. Ẹyin ti pa. Ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sanra kìǹbà, wọ́n ń jẹ ilé tí wọ́n ń gbé.

"Ọmọ mi, ẹ jẹ́ ká lọ sílé."

Èyí tó dàgbà jù ò gbé ẹnu kúrò nínú oúnjẹ. "Màmá, ṣé ilé olówùú yẹn? Kí la fẹ́ jẹ níbẹ̀?"

Yímíyímí rò ó, ó rí i pé òótọ́ ni. Ó bá fi ìgbẹ́ bò wọ́n yíká, ó mọ ọ́n roboto, ó ń yí i bọ̀ wálé. Ó gbà á tó ọjọ́ méjì kó tó yí i dé orí òwú nínú igbá.

Ọjọ́ márùn-ún pé. Àdúgbò péjọ, kálukú mú igbá dání. Ẹfúnṣeyì ṣí igbá tiẹ̀. Ìgbẹ́ ló bá lórí òwú.

"Ta ló ṣu sínú igbá mi?"

"Ọmọ wà nínú ẹ̀, ìyá. Ẹ dẹtí sí i, ẹ óò gbọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹun."

Ẹfúnṣeyì ò dẹtí sí nǹkan kan. Ó ti gbé ọwọ̀.

Yímíyímí mọ̀ pé tí ọwọ̀ yẹn bá balẹ̀, ilé á fọ́, ọmọ á bọ́ sẹ́nu adìẹ. Ó dorí kodò, ó fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti ilé ọmọ ẹ̀ jáde nínú igbá, ó ń fẹ̀yìn sá lọ, kójú ẹ̀ má bàa kúrò lára ọwọ̀. Adìẹ sáré gba iwájú, ó ya ẹnu, ó bu ìgbẹ́ jẹ gbàmù.

"Pù," adìẹ ní. "Irú kí lèyí?" Ó nu ẹnu nílẹ̀ lọ́tùn-ún, ó nù ún lósì. Kó tó nù ún tán, yímíyímí ti gbẹ́ ilẹ̀, ó ti ri ilé ọmọ ẹ̀ mọ́lẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni adìẹ ti ń nu ẹnu nílẹ̀ tó bá jẹun tán. Láti ọjọ́ náà ni yímíyímí ti ń yé sínú ìgbẹ́, tó ń fẹ̀yìn yí i lọ síbi tí ọwọ̀ kankan ò dé. Tẹ́ ẹ bá pàdé ẹ̀ lọ́nà, ẹ yà fún un. Ẹ má bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi ìgbẹ́ ṣe. Oúnjẹ ọmọ ẹ̀ ni.