Táńkì Abẹ́ Ọkọ̀ Ọdẹ́wùmí

Ọdún tí òjò pa oko ẹ̀wà wa run ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn yìí, lẹ́nu ìyá olórìṣà tó da owó ẹyọ inú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ti darúgbó gan-an nígbà náà, ṣùgbọ́n iyè rẹ̀ ṣì pé. Bí ó ti sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́.

Ọkàn Ọdẹ́wùmí kò balẹ̀. Ọkùnrin yìí kò ní ilé tó dúró lójú kan. Bọ́ọ̀sì gbọọrọ kan ni ilé rẹ̀: ó yọ àwọn àga kúrò, ó kan ibùsùn sí ẹ̀yìn, ó gbé ààrò gáàsì sí àárín, ó sì kó irin iṣẹ́ rẹ̀ jọ síwájú. Ẹ̀rọ ìlọta ló ń tún ṣe. Bí ọjà kan bá tú lónìí, lọ́la yóò ti wà ní ọjà mìíràn, òun àti Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀. Bí ó bá lo ọjọ́ mẹ́ta níbì kan, ara rẹ̀ kò ní gbà á mọ́, yóò máa rìn yí ọkọ̀ ká bí ajá tí wọ́n so.

Gáàsì ló ń dà á láàmú. Sílíńdà kan ṣoṣo ni wọ́n ní, àárín ọ̀nà ló sì máa ń tán sí. Ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín oṣù méjì ni wọ́n fi gàrí gbẹ sùn. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, Àwẹ̀ró ti àwo sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní bí òun yóò bá tilẹ̀ máa gbé inú ọkọ̀ bí ẹrù, kí òun máa jẹun bí ènìyàn. Ó ní kí wọ́n ra sílíńdà sí i. Bí ọ̀kan bá ń jó, kí èkejì máa dúró dè é.

Ṣùgbọ́n Ògúndélé jórinjórin ti sọ ọ̀rọ̀ mìíràn sí Ọdẹ́wùmí létí. Ó ní táńkì irin ńlá kan wà lọ́wọ́ òun. Òun yóò jó o mọ́ abẹ́ ọkọ̀, wọn yóò rọ gáàsì kún un lẹ́ẹ̀kan, ó di oṣù mẹ́fà.

“Ẹ̀gbọ́n, àwọn tí ń gbé sílíńdà kiri ni wọ́n ń tò sí ilé gáàsì. Ẹ̀yin ó kàn máa lọ ni.”

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Ọdẹ́wùmí lára bí epo ti ń wọ òwú. Ó fẹ́ táńkì náà, ó sì ń bẹ̀rù rẹ̀, nítorí ilé kan ṣoṣo tó ní láyé ni wọ́n fẹ́ so ó mọ́ nídìí. Oorun dá lójú rẹ̀. Ni òun àti Àwẹ̀ró bá tọ Ẹfúnyẹmí lọ, ìyá olórìṣà tí ń fi owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún yẹ ọ̀rọ̀ wò.

Ìyá da owó ẹyọ. Mẹ́sàn-án ṣíjú sókè.

“Odù Ọ̀sá nìyí. Asáré ènìyàn ni ọ́.”

“Ẹ kò purọ́, ìyá.”

“Ohun-tí-a-lè-gbé-la-fi-ń-sá ló dá fún Ìgbín, níjọ́ tí ó ń lọ rèé lẹ ilé mọ́ ẹ̀yìn ara rẹ̀. Wọ́n ní kó rúbọ, kó lè ní ilé tó ṣeé sọ̀ kalẹ̀. Ó ní ta ló rí ilé tó tún ń wá ẹbọ? Ọjọ́ tí iná wọ igbó, eku sá, ẹtu sá, alángbá sá. Ìgbín fa ilé, ilé fa Ìgbín.”

Ó tún ní: “Ẹyẹlé méjì, èkuru funfun, omi tútù. Ti òrìṣà nìyẹn. Ó ku ti ilẹ̀. Níbikíbi tí ọkọ̀ rẹ bá dúró sùn, gbé iná rẹ sọ̀ kalẹ̀, àti ohun tí iná náà ń jẹ. Orí ilẹ̀ ni kí o ti kọ́kọ́ dáná. Òkèlè àkọ́kọ́, ti ilẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà, kí o gbé e wọlé bí ó bá wù ọ́.”

“Ìyá, bí ohun tí iná ń jẹ bá wúwo ńkọ́?”

“Èyí tí apá rẹ ká ni kí o rà.”

“Bí wọ́n bá jó o mọ́ ọkọ̀ ńkọ́?”

Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í kó owó ẹyọ rẹ̀ jọ. “Ohun tí o ti mọ̀ lo tún ń bi mí.”

Kò ju ọjọ́ méjì lọ tí Ọdẹ́wùmí fi gbé ẹyẹlé, èkuru àti omi wá. Nínú ti òrìṣà, kò dín ohunkóhun kù. Ti ilẹ̀ ni kò wọ̀ ọ́ létí. Ó ní kí Ògúndélé jó táńkì mọ́ ọkọ̀. Nígbà tí iná rẹ̀ ti di ohun tí kò ṣeé gbé sọ̀ kalẹ̀ mọ́, ó bu erùpẹ̀ kún ọpọ́n kan, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ààrò nínú ọkọ̀.

“Àwẹ̀ró, wá wo ọgbọ́n. Dípò kí iná máa sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ilẹ̀, ilẹ̀ ti gòkè wá bá iná. Ta ni wọ́n ń gbé oúnjẹ bá lórí ìjókòó tó ń bínú?”

Àwẹ̀ró wo ọpọ́n, ó wo ọkọ rẹ̀. “Baálé mi, ilẹ̀ tí ẹ gbé yìí, ṣé ilẹ̀ ni àbí ẹrù?”

Ọdẹ́wùmí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Àwẹ̀ró kò bá a jà. Ó ra sílíńdà kékeré kan, èyí tó lè gbé síbàdí. Níbi tí wọ́n bá ti dúró, yóò gbé e sílẹ̀, yóò dáná lábẹ́ igi, yóò sọ òkèlè àkọ́kọ́ sílẹ̀, kó tó din dùndún fún àwọn tó ń dúró de ẹ̀rọ wọn. Ọkọ rẹ̀ a yọrí lójú fèrèsé ọkọ̀.

“Ìyá ẹlẹ́bọ! Ilẹ̀ ti yó àbí kò tíì yó?”

“Ó ti yó. Ó ní kí n kí yín.”

Oṣù márùn-ún kọjá báyìí. Ọdẹ́wùmí kò dúró ní ilé gáàsì kankan, ó sì ń fọ́nnu kiri. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án ọdún, tí òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, wọ́n dé ọjà Òkè-Awo. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹrẹ̀ ti gbé ọkọ̀ mì dé ikùn.

“Ẹ jẹ́ kí oòrùn ràn sí i,” ni Àwẹ̀ró wí. “Bó pẹ́, ọ̀la náà ni.”

“Ọ̀la kẹ̀? Àwọn kan ń dúró dè mí ní ọjà mìíràn.”

Ó wọ ọkọ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Táyà ń yí lójú kan. Ó fi í síwájú, ó fi í sẹ́yìn, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ohun kan dún kì lábẹ́ ọkọ̀, bí ìgbà tí egungun ṣẹ́. Òkúta tó wà nínú ẹrẹ̀ ti já páìpù táńkì. Kò pẹ́ tí òórùn gáàsì gba gbogbo àyíká.

Ọdẹ́wùmí pa ọkọ̀, ó bẹ́ sílẹ̀. Abẹ́ ọkọ̀ ni ẹnu tí wọ́n fi ń ti táńkì wà, abẹ́ ọkọ̀ sì ti wọ inú ẹrẹ̀. Ó fi ọwọ́ walẹ̀. Wọ́n fún un ní ọkọ́, ó fi ọkọ́ wà á. Bí ó ti ń kó ẹrẹ̀ kúrò ni òmíràn ń ṣàn bọ̀. Gáàsì kì í ṣe èéfín. Kì í gòkè. Ilẹ̀ ló ń wá. Ó ń rá lọ nísàlẹ̀ láàárín ọjà, ẹnikẹ́ni kò rí i.

Àwọn ará ọjà da omi sí iná, wọ́n sá. Àwẹ̀ró yí orí sílíńdà tirẹ̀ pa, ó gbé e síbàdí, ó gbé e lọ sí òdìkejì ọjà, ó tún sáré padà.

“Baálé mi, ẹ kó irin iṣẹ́ yín jáde!”

“Ta ní ń kó ẹrù nígbà tí ilé ṣì ṣeé gbà là?”

“Ẹ fi ilé sílẹ̀!”

Ọdẹ́wùmí sáré wọ ọkọ̀, ó sáré jáde, kò mú nǹkan kan dání. Ó tún kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó ti apá bọ abẹ́ ọkọ̀ dé èjìká. Ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kan irin táńkì ni ọlọ́kadà kan, tí kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè wọ ọjà. Ẹ̀rọ ọ̀kadà rẹ̀ ṣáná sí gáàsì, iná gba orí ilẹ̀ wá. Àwẹ̀ró ló fi ẹsẹ̀ méjèèjì ọkọ rẹ̀ wọ́ ọ jáde.

Àwẹ̀ró kò kúrò ní Òkè-Awo mọ́. Ibi tó gbé sílíńdà rẹ̀ sí lọ́jọ́ náà ló ti ń din dùndún. Oníbàárà pọ̀ sí i, ilẹ̀ gbà á, ó kọ́ ilé oníyàrá méjì síbẹ̀. Inú ilé náà ni Ọdẹ́wùmí ń gbé. Ní òwúrọ̀, yóò rìn dé títì, yóò wo àwọn ọkọ̀ tó ń kọjá, yóò padà. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í léèrè ọ̀rọ̀ náà, ohun tó máa ń sọ kò ju pé, “Ìyá wí fún mi.” Obìnrin tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹbọ rí ṣe, ọkùnrin tó bá ẹbọ ṣe ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ló ń jẹ àbámọ̀.

Ohun tó ṣòfò nìyí: bọ́ọ̀sì kan, ibùsùn kan, àpótí irin iṣẹ́ méjì, ẹ̀rọ ìlọta mẹ́rin tí mẹ́ta nínú wọn jẹ́ ti oníbàárà, ìsọ̀ mẹ́fà nínú ọjà, ọ̀kadà kan, àti ìka méjì lára ọwọ́ ọ̀tún Ọdẹ́wùmí.