Okùn Ewé Ìgbín

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi rìn títí, ó kọsẹ̀ lára òkúta, ó ṣubú lé Ìjàpá lórí, ó sì ta bá Ìgbín. Ohun tó dé tí orí Ìjàpá kì í fi í pẹ́ níta ló wà nínú rẹ̀.

Mo mọ̀ pé a kì í pàlọ́ lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n òjò yìí ti sọ ọ̀sán dalẹ́. Ẹ máa bó ẹ̀gúsí yín lọ, ọwọ́ kọ́ la fi ń gbọ́ àlọ́. Ìbídùn, ìwọ tí olùkọ́ ní kó o kọ àròkọ wá, sún mọ́ mi.

Láyé ọjọ́un, Igbó Olómi ni àwọn ẹranko ń gbé. Áà, ibẹ̀ dára! Iná ẹ̀ẹ̀rùn ló lé wọn jáde, tí wọ́n fi wá tẹ̀ dó sórí ilẹ̀ gbígbẹ kan tí kò ní ju àbàtà kan ṣoṣo lọ. Erin, ọba wọn, wá di arúgbó. Ojú rẹ̀ kò ríran mọ́, àárò ilé àtijọ́ sì ń sọ ọ́ ṣáá. Ó rán Ọ̀kẹ́rẹ́ kó kéde káàkiri:

"Ọba ní kí ẹ wá fi ọ̀rọ̀ gbé òun padà sílé ní ọ̀túnla. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n sọ jù ni yóò ni àbàtà. Ọba ní kí ẹ rò ó kí ẹ tó wá o!"

Ìgbín gbọ́ ìkéde náà. Ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn ti ń bọ̀ lọ́nà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjì ló gbẹ sínú ìkarahun lọ́dún tó kọjá. Bí kò bá rí àbàtà yẹn gbà, òun ló kàn.

Ti Ìjàpá yàtọ̀. Olú tó ń hù létí àbàtà ló ń dá a lọ́fun tòló. Ó lọ bá Ìgbín níbi tó ti ń sin ewé sára okùn ìko.

"Ọ̀rẹ́ mi, kí lò ń ṣe?"

"Mò ń ro ọ̀rọ̀ mi ni. Ewé kan, ọ̀rọ̀ kan."

Ìjàpá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. "Ṣé oko ni ọ̀rọ̀, tí wàá fi máa ro ó? Èmi, bí mo bá ti lanu báyìí, ọ̀rọ̀ á máa dà sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ni."

Ìgbín ń sin ewé rẹ̀ lọ. Ewé akòko ló kọ́kọ́ sin, ìyẹn ni yóò fi kí ọba. Ewé ìrókò tẹ̀ lé e, nítorí abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣeré ní Igbó Olómi. Ó sin òṣíbàtà fún odò, ó sin ewé àgbálùmọ̀ fún èso tí ìyá wọn ń ṣà fún wọn. Ewé tí iná ti jó lára ló fi parí rẹ̀. Ó ń fi ẹnu kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ ọ̀rọ̀ wọn fún ara rẹ̀, omi sì ń dà lójú rẹ̀.

Nígbà tí Ìjàpá délé, ó ní kí Yánníbo ìyàwó òun gbọ́ ti òun. Ó lanu. "Kábíyèsí... ẹẹ̀n... Igbó Olómi... ó ní igbó... ó ní omi."

Yánníbo ní, "Baálé mi, ṣé ó ti tán nìyẹn?"

Ẹ̀rù ba Ìjàpá. Nígbà tí Ìgbín wọ́ lọ mu omi, ó yọ́ wọlé rẹ̀, ó jí okùn ewé náà gbé.

Ọjọ́ pé. Ìgbín dé ààfin, ó rí okùn rẹ̀ lọ́rùn Ìjàpá. Bó bá ké olè, ta ni yóò gbà á gbọ́? Kò kúkú sẹ́ni tó ni ewé nínú igbó.

Ìjàpá bọ́ síwájú. Kò mọ orí okùn, kò mọ ìdí rẹ̀. Ewé tó jóná ló kọ́kọ́ bà.

"Iná! Iná dé! A ti jó tán!"

Ọba tí kò ríran fò dìde, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ Ọ̀kẹ́rẹ́ pa. Ehoro ti sá dé ẹ̀yìn odi kí wọ́n tó pè é padà. Ìjàpá nu òógùn, ó di ewé àgbálùmọ̀ mú. "Ó dùn. Ó tún kan." Ó kan òṣíbàtà. "Omi ni. Ó tutù." Ó kan ìrókò. "Igi ni. Ó ga." Ìgbà tó wá kan akòko, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja: "Kábíyèsí, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o!"

Erin ní, "Ìjàpá, ṣé o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ni, àbí ò ń lọ?"

Ẹ̀rín bolẹ̀. Wọ́n pe Ìgbín. Kò ní ewé kankan lọ́wọ́, ó sì wọ́ bọ́ síwájú. Ó kí ọba. Bó ti kí i tán, ìrókò yọ sí i lọ́kàn fúnra rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tó ti rò kò sí lára okùn mọ́, inú rẹ̀ ló wà.

"Kábíyèsí, ẹ jẹ́ ká relé. Abẹ́ ìrókò la ó gbà wọlé. Ẹ rọra o, àwọn ọmọdé ń sáré kiri níbẹ̀."

Ó mú ọba dé etí odò. Ibẹ̀ ni ohun tí kò rò tẹ́lẹ̀ ti dé bá a: òórùn ilẹ̀ lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀. Ó yẹ kó kọjá sídìí àgbálùmọ̀, kò lè kọjá. Orin tí ìyá rẹ̀ máa ń kọ bọ́ sí i lẹ́nu:

Òjò àkọ́rọ̀ dé o,
Wínní-wínní.
Ọmọ mi, jáde wá mu,
Wínní-wínní.
Ilé wa ò ní gbẹ,
Wínní-wínní.

Gbogbo wọn ń gbè é. Lẹ́yìn náà ló tó wá gbé wọn dé ìdí àgbálùmọ̀, ó sì fi iná parí rẹ̀, ní ohùn jẹ́jẹ́. Erin sunkún bí ọmọ ọwọ́.

"Ìgbín, mo ti délé. Ìwọ lo ni àbàtà."

Ọ̀kẹ́rẹ́ bá figbe ta. "Kábíyèsí, yàtọ̀ sí òjò, ewé gbogbo ohun tí Ìgbín sọ ló wà lọ́rùn Ìjàpá! Itọ́ Ìgbín ṣì ń dán lára ewé!"

Ọba ní, "Ìjàpá, kí lo rí sọ?"

Ìjàpá fa orí wọ inú ìkarahun rẹ̀ wìì. Wọ́n dúró títí. Ohùn rẹ̀ dún láti inú lọ́hùn-ún: "Kábíyèsí, ẹ ṣe sùúrù díẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rò ó lọ́wọ́ ni."

Ìdí nìyẹn tí Ìgbín fi ń gbé ibi tútù títí dòní. Ìdí nìyẹn náà tó fi jẹ́ pé, bí ẹ bá bá Ìjàpá pàdé lójijì, á fa orí wọlé. Ó ṣì ń ro ohun tí yóò sọ. Ìbídùn, rò ó kó o tó kọ ọ́, òun la fi ń pè é ní àròkọ. Ṣùgbọ́n bí òórùn òjò bá yà wọlé láìpè, má lé e.

Ibi tí àlọ́ mi sọ ẹrù sí nìyí. Bí mo bá purọ́ mọ́ Ìjàpá, kí n súfèé kó má dún. Bí n kò bá purọ́, kó dún lẹ́ẹ̀mẹta.

Fíì! Fíì! Fíì!