Irun Tí Ó Pa Ológbò Ìyá Àgbà

Bí ọmọdé bá gbọ́ tí àgbà wí pé, “Irun tí a kò ya kúrò lára ológbò, inú rẹ̀ ni a ó ti bá a,” yóò rẹ́rìn-ín. Yóò bèèrè ọ̀nà tí irun ẹ̀yìn ẹranko fi ń dé inú rẹ̀. Ìbídùn, ìyàwó Akínlàbí, náà fi yíya irun ológbò ṣe ẹlẹ́yà rí ní abúlé Ìdí-Ọṣè.

Ológbò onírun gígùn kan ni ó ń ṣọ́ àká tí wọ́n kó àgbàdo irúgbìn sí nílé wọn. Ìyá Akínlàbí ni ó tọ́ ọ dàgbà. Nígbà tí ìyá náà ń lọ bá ọmọ rẹ̀ obìnrin wẹ ọmọ tuntun, ó fa ológbò lé Ìbídùn lọ́wọ́. Ó ní kí ó máa fi òòyà ya irun rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ọjà, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí irun ń re. Kí omi má gbẹ nínú àwo rẹ̀. Kí ó sì máa jẹ́ kí ó jáde lọ jẹ koríko, nítorí koríko ni ológbò fi ń bi ohun tí ó bá dí i nínú. Ìbídùn kúnlẹ̀, ó ní òun gbọ́.

Ìyá kò tíì jìnnà tí Ìbídùn fi lọ bá aládùúgbò rẹ̀, Fóyèkẹ́, tí ó ń yan ẹja tà.

“Ẹ gbọ́ ná, Ìyá Ẹlẹ́ja. Orí tèmi rèé, òòyà kò kàn án láti ìjẹta. Ti ológbò ni kí n wá máa ya.”

“Ya á, ìyàwó. Ìyá Àgbà kì í ránni níṣẹ́ lásán.”

Kò ya á. Ọyẹ́ dé, irun kún orí ẹní, ó bọ́ sínú ọbẹ̀. Ológbò tún gbé ẹja Fóyèkẹ́, obìnrin náà sì búra lójú gbogbo ènìyàn pé òun yóò ṣe é léṣe. Dípò kí Ìbídùn mú òòyà, ó ti ológbò mọ́ inú àká. Ó ní ibi tí ọdẹ ń ṣọ́ ni ó yẹ kí ó máa sùn. Iṣẹ́ tí ọ̀lẹ bá sá fún kì í tán. Ibòmíràn ni ó ń lọ dúró sí.

Nínú àká, kò sí koríko. Ológbò ń lá ara rẹ̀ láti òwúrọ̀ dé alẹ́, ó ń gbé irun tí ó re mì. Nígbà tí ó yá, ó ń na ọrùn, ó ń wúkọ́, ó fẹ́ bì, kò rí nǹkan bì. Ìbídùn gbọ́ ọ, ó ní eruku àgbàdo ni. Ológbò kọ oúnjẹ. Ní ọjọ́ keje, Akínlàbí ṣí àká, ó bá òkú rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Akínlàbí rántí ìbúra Fóyèkẹ́. Ó gba ilé Baálé lọ, ó ní obìnrin náà ti ti ẹja onímájèlé bọ àlàfo àká. Ní Ìdí-Ọṣè, ẹni tí a bá ká májèlé mọ́ lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni kò ní ra ohun jíjẹ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ títí ayé. Fóyèkẹ́ kò sì ní iṣẹ́ mìíràn.

Nígbà tí Baálé pe gbogbo wọn jọ, Fóyèkẹ́ wo Ìbídùn láàárín àwùjọ. “Ìyàwó, ṣé ìwọ náà gbà pé mo pa á?”

Ìbídùn wolẹ̀. Ó mọ iṣẹ́ tí wọ́n rán òun tí òun kò jẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ wúwo.

Baálé ní kí ọdẹ kan la inú ológbò náà. Kò sí ẹja níbẹ̀. Irun ni wọ́n bá, ó dì, ó gùn tó ìka ọwọ́, ó le bí okùn tí a lọ́, ó sì dí ìfun pa. Ọdẹ gbé e sórí ewé kókò kí gbogbo ènìyàn lè rí i.

Baálé bèèrè ta ni ó ń tọ́jú ológbò. Ìbídùn kúnlẹ̀.

“Èmi ni, Bàbá. Wọ́n ní kí n máa ya á. N kò ya á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.”

Ó yíjú sí Fóyèkẹ́, ó bẹ̀ ẹ́. Fóyèkẹ́ kò tètè ní kí ó dìde.

“Ẹ̀sùn ọkọ rẹ kò dùn mí tó ìdákẹ́jẹ́ rẹ,” ni ó wí.

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń pa òwe yìí fún ẹni tí ó bá fojú tín-ín-rín ìtọ́jú kékeré. Ohun tí òòyà ìbá mú kúrò níta ti wọlé lọ, ọ̀bẹ ni ó sì gbé e jáde níwájú gbogbo ìlú. Irun tí a kò ya kúrò lára ológbò, inú rẹ̀ ni a ó ti bá a.