Omi Àdúrà Tó Dà Sójú Títì

Bí ẹ bá rí Oyèkànmí lọ́jọ́ tó gbé mọ́tò tuntun bọ̀ láti Ìbàdàn, ẹ ó rò pé òun ló la títì. Mọ́tò náà funfun báláú, ṣùgbọ́n kò tíì gbọdọ̀ gbé èrò kankan. Wúràọlá ìyá rẹ̀ ti búra pé àfi kí Bàbá Akinlàdé, àgbà ilé wọn ní Kájọlà, kọ́kọ́ wúre sí i. Ìyá náà kò jẹ̀bi. Orí kẹ̀kẹ́ ni mọ́tò ti gbá ọkọ rẹ̀ pa, nígbà tí ìyá náà ṣì ń pọn Oyèkànmí.

Nílé wọn, ẹni tí yóò wúre ní í fọwọ́ ara rẹ̀ lọ pọn omi tí yóò fi wúre. Wọn kì í rán ọmọdé. Oyèkànmí mọ èyí láti kékeré, ṣùgbọ́n ta ní í kánjú tí í rántí nǹkan? Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé ìlú, ó bá ẹnìkan níwájú lórí kẹ̀kẹ́, tó de kẹ́ẹ̀gì mẹ́yìn, tó dé akẹtẹ̀ bo ọrùn, tó rọra ń lọ lẹ́bàá títì. Oyèkànmí tẹ fèrè títí. Ibo ni kí ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ yà sí, nígbà tí kòtò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀?

"Ará oko! Ṣé bàbá rẹ ló ni títì ni?"

Ó fẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ há a mọ́ kòtò. Ó gbọ́ gbì! Kò wẹ̀yìn. Ẹ̀rín tilẹ̀ ń pa á.

Gbogbo ẹbí ti pé nígbà tó délé, Bàbá nìkan ni kò sí. Nígbà tó yá, Bàbá wọlé, ó ń wọ́ kẹ̀kẹ́ tí rímù rẹ̀ ti tẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bó, ẹ̀jẹ̀ sì ń kán níbẹ̀.

"Ẹ má bínú, omi tí mo pọn ti dà. Onímọ́tò kan ló tì mí sí kòtò."

"Háà!" Wúràọlá pariwo. "Ẹni tó ṣe é, kò ní—"

Bàbá dá a lẹ́kun kíá. "Má ṣépè, Wúrà. O ò mọ ọmọ ẹni tó jẹ́."

Kò wo Oyèkànmí rárá. Ó gbọ́wọ́ lé iwájú mọ́tò, ó ní, "Ọkọ̀ yìí kò ní mu ẹ̀jẹ̀."

"Àmín!" ni gbogbo ilé dáhùn. Nígbà tí Bàbá gbọ́wọ́ kúrò, àmì àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wà lára funfun náà, ó pọ́n rokoṣo. Ìtìjú bo Oyèkànmí. Bí ilẹ̀ bá lanu, ì bá wọ̀ ọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Bàbá, èmi ni."

Wúràọlá wo ọmọ rẹ̀, ó wo kẹ̀kẹ́ tó tẹ̀ náà. Ó tú gèlè, ó fi bojú, ó sì wọlé lọ. Ìyẹn ló dun Oyèkànmí jù.

"Mo mọ̀," ni Bàbá wí. "Mo ti gbàdúrà tèmi. Ìbéèrè kan ló kù: ṣé ọkọ̀ ni òùngbẹ ń gbẹ, àbí ìwọ?"

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń fi kìlọ̀ fún awakọ̀ ní Kájọlà, kó tó di òwe lẹ́nu àgbà, pé: ọkọ̀ kì í mu ẹ̀jẹ̀, awakọ̀ ní í bù ú fún un.