Àtẹ̀gùn Gbọ́láṣeré

Gbọ́láṣeré gbẹ́nàgbẹ́nà mọ iṣẹ́, òun náà sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Ẹni kan ṣoṣo tó ń bà á lẹ́rù ni Olóyè Fátókun, bàbá Àdùfẹ́ tí ó fẹ́ fi ṣaya. Olóyè ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti darúgbó, kò lè gun àkàbà mọ́.

Olóyè ní, “Ṣe àtẹ̀gùn fún mi. Ọjọ́ tí ìyá mi bá fi ẹsẹ̀ ara wọn gùn ún dókè ni wàá mú Àdùfẹ́ lọ.”

Inú Gbọ́láṣeré dùn ṣìnkìn. Ó wá ìtì ìrókò méjì, ó gbé wọn dagun ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn láti ilẹ̀ dé òkè, ó sì kan pákó ìtẹ̀sẹ̀ sí àárín wọn. Ọ̀kan gùn ju èkejì lọ. Orí rẹ̀ yọ ṣóńṣó kọjá ẹnu ọ̀nà òkè, ṣùgbọ́n ìrókò náà dára débi pé kò lè gé e.

Àdùfẹ́ gbé oúnjẹ wá, ó ní, “Ọkọ mi, ẹ sún sẹ́yìn kí ẹ wo igi yìí dáadáa.”

“Igi tó dán báyìí? Ta ní ń gé ẹwà dànù?” Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ń fá igi lọ.

Ọjọ́ pé, gbogbo agbo ilé jáde. Ìyá àgbà ká ìró wọn sókè, wọ́n wòkè, wọ́n sì dúró gbagidi.

“Háà! Igi gànǹgànràn yìí, má gùn mí lójú o!”

“Ìyá, ẹ ò tíì dé ìdí ẹ̀,” ni Olóyè wí.

“Tí mo bá débẹ̀ tán, n ò ní rí i mọ́! Ojú mi yìí ń rí ẹyẹ lórí ọ̀pẹ, kò rí abẹ́rẹ́ ọwọ́ mi. Òkèèrè ni kí n ti wò ó.”

Ẹ̀rín sọ. Àyà Gbọ́láṣeré já, àfi bí ẹni pé wọ́n ti fi Àdùfẹ́ fún ẹlòmíràn. Ó lọ dúró ti ìyá àgbà, ó wòkè, ojú sì tì í. Lẹ́yìn náà ni òun pàápàá bú sẹ́rìn-ín. Ó mú ayùn, ó gun òkè, ó gé igi náà dọ́gba pẹ̀lú èkejì rẹ̀.

Ìyá àgbà gùn ún dókè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jó, wọ́n sì ké sí Gbọ́láṣeré pé, “Àna mi, tètè máa mú ìyàwó ẹ lọ, kó tó jẹ oúnjẹ alẹ́ wa!”

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé, igi gànǹgànràn má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.