Osùn Ìjáde Opó

Nígbà tí Ògúnríndé, àgbẹ̀ kan ní ìlú Ìṣàdó, kú, opó méjì ló fi sílẹ̀: Ládùnní ìyáálé àti Àwẹ̀ró ìyàwó. Nígbà tí àìsàn ọkọ wọn le, Ládùnní ní kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ní ìlú kejì. Àwẹ̀ró ní kí wọ́n jẹ́ kó sinmi. Wọ́n gbé e lọ, ojú ọ̀nà ló sì kú sí. Láti ìgbà náà ni wọn kò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́, bí wọ́n tilẹ̀ jọ ń gbé inú ilé kan náà.

Ní Ìṣàdó láyé ìgbà náà, bí opó bá pé oṣù mẹ́ta nínú ilé, yóò bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀, yóò ró aṣọ mọ́ ìdí, yóò kun osùn láti ọrùn dé ẹsẹ̀, yóò sì lọ fara han àwọn àgbà obìnrin. Bí osùn náà kò bá kárí, oṣù mẹ́ta mìíràn ni yóò tún lò nínú ilé. Ẹni tí kì í ṣe opó kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án kó tó jáde.

Oṣù mẹ́ta ti pé, òjò àkọ́rọ̀ sì ti rọ̀. Bí Àwẹ̀ró kò bá tètè dé oko, ebi ni yóò pa àwọn ọmọ rẹ̀.

“Lónìí ni n ó jáde,” ló wí fún ara rẹ̀, “n kò sì ní bẹ ẹnikẹ́ni.”

Ó lọ osùn lórí ọlọ, ó fi àdín pò ó. Nígbà àkọ́kọ́, ìgbọ̀nwọ́ àti orúnkún rẹ̀ mu osùn jù, wọ́n ṣú dẹ̀dẹ̀. Ó fọ gbogbo rẹ̀ kúrò. Ó fi kànìnkàn ha ara, ó kọ́kọ́ fi àdín pa gbogbo ibi tó gbẹ, ó wá ń kun osùn náà díẹ̀díẹ̀ láti ẹsẹ̀ wá sókè. Ó dán, ó sì dọ́gba. Ó ku ẹ̀yìn. Ó na ọwọ́ gba èjìká, ó nà án gba ìhà, kò tó o. Ó so àkísà mọ́ igi. Ìlà wúruwùru ni igi náà ń fà sí i lẹ́yìn.

“Bó ṣe wù kó rí, n ó lọ.”

Bó ṣe bọ́ sí àgbàlá, ó rí Ládùnní níwájú tó ń lọ síta. Osùn pọ́n lára rẹ̀, àmọ́ àárín ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, ó fẹ̀ bí ewé kókò. Àwẹ̀ró ì bá dákẹ́. Àmọ́ ó pè é.

“Ìyáálé mi, ẹ̀yìn yín kò kárí.”

Ládùnní kò yíjú. “Ṣé tìrẹ kárí ni?”

“Kò kárí.”

Ládùnní padà sínú yàrá, ó gbé igbá osùn rẹ̀ jáde. “Kọ ẹ̀yìn sí mi.”

Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀ lẹ́yìn Àwẹ̀ró. Ládùnní ní, “Bí a bá ti jẹ́ kó sinmi ni, bóyá ì bá yè.”

Omi lé ròrò sójú Àwẹ̀ró. “Bí a bá ti tètè gbé e lọ ni, bóyá ì bá yè.” Ó gba igbá náà, ó sì kun ẹ̀yìn ìyáálé rẹ̀.

Àwọn àgbà obìnrin yí wọn po lẹ́ẹ̀mejì, wọn kò rí àlàfo kankan.

“Ta ló kun ẹ̀yìn yín?”

Oníkálùkù nawọ́ sí èkejì rẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn méjèèjì ti wà lóko ọkọ wọn, wọ́n ń kọ ebè.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìṣàdó nìyẹn, tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé, ọwọ́ ẹni kì í kun osùn kárí ẹ̀yìn ẹni.